Ọmọ Ajá Ràgàjì: Ẹ Jẹ́ Kó Rọra Dàgbà

Ajá kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yewa. Láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ títí dé Ìpókíá, ibi tí ọdẹ bá ń gbé, ajá ń gbé ibẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ tiwa kì í sábà wúwo ju kílò 20 lọ. Irun ara rẹ̀ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ le, oúnjẹ tí ilé bá jẹ kù ló ń jẹ. Bó bá fi máa pé ọdún kan, ó ti dàgbà tán, ó sì ti ń bá olúwa rẹ̀ wọgbó. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwé kọ́ni bí a ṣe ń sin irú ajá yìí. Ojú la fi ń rí i kọ́.

Ajá mìíràn ti wá dé. Àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú, àwọn tó ní oko adìẹ tàbí ilé ìkẹ́rùsí lójú ọ̀nà Owódé sí Ìdírókò, ń fẹ́ ajá tí olè yóò rí tí yóò yà bàrá. Wọ́n ń ra Boerboel, ajá àwọn àgbẹ̀ òyìnbó Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n ń ra Caucasian, ajá onírun kíki tí àwọn darandaran fi ń lé ìkookò lórí òkè Caucasus. Àwọn mìíràn ń ra Great Dane. Èyí tó bá dàgbà tán nínú wọn lè wọn kílò 50 tàbí 60, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n àgbàlagbà ènìyàn nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí a ní lórí ajá ọdẹ la fi ń sin wọ́n. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ìkánjú. Ẹni tó bá fi owó gidi ra ọmọ ajá ràgàjì máa ń fẹ́ kó tóbi kíákíá kí àdúgbò lè mọ̀ pé ajá ti dé. Á máa da oúnjẹ fún un lóru lọ́sàn-án, á máa po mílíìkì, á máa rọ calcium sí i lẹ́nu. Ọmọ ajá náà á tóbi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di ọdún kan ààbọ̀, kò ní lè dìde nílẹ̀ láìkérora. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú àlàyé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ ajá ràgàjì gbọ́dọ̀ rọra dàgbà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọmọ Great Dane tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í wọn ju nǹkan bí 600 gíráàmù lọ. Láàárín ọdún kan ààbọ̀ sí ọdún méjì, á di kílò 60. Ìlọ́po 100 nìyẹn. Ọmọ ènìyàn tí a bí ní kílò mẹ́ta kì í di ìlọ́po 20 títí tó fi máa di géńdé.

Ní ìpẹ̀kun egungun gígùn kọ̀ọ̀kan lára ọmọ ajá, apá kan wà tó rọ̀, tí kò tíì di egungun pátápátá. Ibẹ̀ ni egungun ti ń gùn sí i. Bí ajá bá dàgbà tán, ibẹ̀ á le, á sì pa dé. Ti ajá kékeré máa ń pa dé kó tó pé ọdún kan. Ti ajá ràgàjì lè má pa dé títí di oṣù 18, ti òmíràn á wọ oṣù 24 pàápàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara tó wúwo ló jókòó lórí egungun tí kò tíì gbó. Ẹni tó bá ń kọ́lé mọ̀ pé a kì í gbé dẹ́kìn lé ògiri tí símẹ́ǹtì rẹ̀ kò tíì mú. Bí ọmọ ajá bá wúwo jù, orí itan rẹ̀ kò ní jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí, oríkèé ìgbúnwọ́ rẹ̀ á máa ha ara wọn, ọrùn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ á wú, ẹsẹ̀ náà á sì wọ́.

Ibi tí calcium ti wọ ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Wọ́n á ní calcium ló ń kọ́ egungun, nítorí náà bó bá ṣe pọ̀ tó ni egungun yóò ṣe lágbára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí calcium bá pọ̀ nínú oúnjẹ àgbà ajá, ìfun rẹ̀ á gba ìwọ̀n tó fẹ́, á sì jẹ́ kí ìyókù bá ìgbẹ́ lọ. Ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àpọ̀jù. Ohun tí ẹ bá fún un ni ara rẹ̀ ń gbà wọlé. Calcium àpọ̀jù yìí kò ní jẹ́ kí egungun lè máa tún ara rẹ̀ ṣe bó ṣe ń gùn. Egungun á ki, ṣùgbọ́n kò ní tọ́. Ní ọdún 1985, Hazewinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utrecht, ní Netherlands, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ Great Dane tí wọ́n fún ní calcium ju bó ṣe yẹ lọ. Egungun àti oríkèé àwọn ajá náà bàjẹ́.

Nítorí náà, calcium olómi tí a ń rà fún àwọn ọmọ wa ní kẹ́mísìtì, àti egungun lílọ̀ tí wọ́n fi ń po oúnjẹ adìẹ, kò gbọ́dọ̀ wọ abọ́ ọmọ ajá ràgàjì àfi bí dókítà ẹran bá ní kí ẹ fi sí i. Oko adìẹ pọ̀ lágbègbè wa, àwọn kan sì máa ń bu oúnjẹ adìẹ tó ń yé fún ajá nítorí pé ó wà nílẹ̀. Calcium inú oúnjẹ yẹn máa ń tó ìdá 3.5 sí 4 nínú 100, nítorí èèpo ẹyin tí adìẹ ní láti ṣe. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí AAFCO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, gbà láyè nínú oúnjẹ gbígbẹ fún ọmọ ajá tí yóò tó kílò 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìdá 1.8. Ẹ fi méjèèjì wéra.

Òdìkejì rẹ̀ náà burú. Fùkù, ìfun àti ẹran lásán ní phosphorus púpọ̀, calcium inú wọn kò sì tó nǹkan. Ọmọ ajá tó bá ń jẹ ẹran nìkan, ara rẹ̀ á máa yá calcium lára egungun, egungun náà á sì rọ̀ débi pé á lè kán bó bá fò láti orí pèpéle. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Bí ọmọ ajá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má sáré lọ ra calcium. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kò sanra jù? Ẹ di ọwọ́ òsì yín ní ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ fi ìka ọwọ́ ọ̀tún ra orí àwọn oríkèé tó yọ gọngọ. Bí ìhà ajá bá rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, ebi ń pa á. Ẹ wá la ọwọ́ òsì náà, kí ẹ fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ ìka. Bí ìhà rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ ní láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó mọ egungun, ó ti sanra jù. Ẹ da ọwọ́ náà bolẹ̀, kí ẹ la á, kí ẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ìhà ọmọ ajá ràgàjì rí nìyẹn: ọwọ́ á bá egungun láìtẹ̀ ẹ́, ojú kò sì ní rí i kedere. Bí ẹ bá dúró lókè tí ẹ wò ó, ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ìbàdí rẹ̀ fún. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ará àdúgbò lè ní ẹ ń febi pa ajá. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ìdí wà tí kò fi yẹ kó sanra. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwádìí pín ọmọ Labrador 48 sí ọ̀nà méjì. Ìdajì wọn ń jẹ oúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú 100 dín sí ti àwọn ìyókù, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe títí ayé àwọn ajá náà. Èsì tó jáde ní 2002 fi hàn pé àwọn tó jẹun níwọ̀nba pé nǹkan bí ọdún 13 láyé, àwọn tó jẹ púpọ̀ kò ju nǹkan bí 11 lọ, àrùn oríkèé sì tètè mú wọn. Ajá ràgàjì, tí ẹ̀mí rẹ̀ kì í sábà ju ọdún 7 sí 10 lọ, kò ní ọdún méjì tó lè fi ṣòfò.

Ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń jẹun ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, díẹ̀díẹ̀. Bó bá pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Láti oṣù mẹ́fà lọ títí ayé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ gbé abọ́ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá jẹ́ oúnjẹ inú àpò lẹ ń rà, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ “large breed puppy” sí lára, kí ẹ má sì fi ohunkóhun kún un. Ọmọ ajá tó wọn kílò 15 lè jẹ nǹkan bí 400 gíráàmù rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ gbé ajá náà sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù. Tó bá wúwo ju ohun tí ẹ lè gbé lọ, òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra àgbàdo àti kòkó yóò gbà á.

Kì í ṣe gbogbo wa ló lè máa ra oúnjẹ àpò. Ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, ẹja ṣawá, ẹran orí àti ẹsẹ̀ adìẹ tí a ti yọ egungun kúrò, ẹyin, ẹ̀wà sóyà tó jinná dáadáa, ẹ̀dọ̀ díẹ̀: nínú wọn la ti lè po oúnjẹ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran bá yín wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, pàápàá ibi calcium. Ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ kò lè tọ́ ajá ràgàjì. Ọbẹ̀ tiwa tilẹ̀ ní àlùbọ́sà nínú, àlùbọ́sà sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Egungun adìẹ tó ti jinná máa ń ṣẹ́ ṣóṣóró, á sì gún ìfun. Ìkìlọ̀ kan tún wà fún àwa tí a wà nílẹ̀ àgbàdo: àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu kì í ṣe oúnjẹ ajá. Májèlé aflatoxin tó wà nínú rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀. Ní ìparí ọdún 2020, oúnjẹ ajá kan tí aflatoxin pọ̀ nínú rẹ̀ pa ajá tó ju 70 lọ ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ ńlá ló ṣe oúnjẹ yẹn. Ká má wá sọ èyí tí a kó sí kọ̀rọ̀ ilé lásìkò òjò.

Ẹ má fún un ní oúnjẹ òòjọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má sì jẹ́ kó sáré tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Àìsàn kan wà tó máa ń mú ajá tí àyà rẹ̀ jìn: afẹ́fẹ́ á kún àpòlúkù rẹ̀, àpòlúkù náà á sì yí po, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́. Ẹ ó rí i tí ikùn rẹ̀ wú, tí ó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde àfi itọ́. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gbà á, wákàtí díẹ̀ ló sì wà nílẹ̀. Great Dane ni àìsàn yìí ń bá jà jù.

Lórí eré sísá, ohun tó yẹ rọrùn. Ẹ jẹ́ kó máa ṣeré bó ṣe fẹ́ lórí ilẹ̀ tó rọ̀, kí ó sinmi nígbà tó bá fẹ́. Ẹ má fi okùn fà á tẹ̀lé ọ̀kadà, ẹ má jẹ́ kó máa fò bọ́ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn mọ́tò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Norway lórí àwọn irú ajá ńlá, tó jáde ní 2012, fi hàn pé ọmọ ajá tó ń gun àtẹ̀gùn kó tó pé oṣù mẹ́ta ni ìbàdí rẹ̀ sábà ń bàjẹ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣeré fàlàlà níta sàn jù wọ́n lọ. Táìlì tó ń yọ̀ tún jẹ́ ọ̀tá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní sí ibi tó ń gbà kọjá, kí ẹ sì fún un ní àpò tó nípọn láti sùn lé, nítorí símẹ́ǹtì lásán máa ń họ ìgbúnwọ́ rẹ̀ di egbò. Ẹ máa fọ àpò náà, kí ẹ sá a sóòrùn, kí eégbọn má baà fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó bá ra Caucasian gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ajá òkè tútù ni: láìsí ibòòji àti omi tútù ní gbogbo ìgbà, ooru oṣù kẹta lè pa á.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á sì máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Parvo ni olórí ohun tí à ń sá fún: ọmọ ajá á máa bì, á máa ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń rùn gan-an, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi ń pa á. Kòkòrò àrùn náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà bí parvo bá ti pa ajá nínú ọgbà kan, ẹ má tètè gbé òmíràn wọ ibẹ̀. Eégbọn ní tirẹ̀ ń gbé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ìtọ̀ ajá bá pọ́n bíi sobo tí èrìgì rẹ̀ sì funfun, kò sí àkókò láti dúró. Oògùn màlúù tí wọ́n ń tà fún àwọn Fúlàní wà káàkiri lọ́jà wa, àwọn ènìyàn sì ń gún un fún ajá lójú lásán. Ìwọ̀n tó ń wo màlúù sàn lè pa ajá, ọmọ ajá tí ìwọ̀n rẹ̀ ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń méfò lé lórí. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB wà ní Abẹ́òkúta. Kò jìnnà sí Ayétòrò, kò sì jìnnà sí Ìlaròó.

Dìgbòlugi kò ṣe é fi ṣeré rárá. Ajá ọdẹ Ìmẹ̀kọ lè lé ẹran dé ìhà Kétu nílẹ̀ Benin kó tó padà, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà igbó. Ẹ gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá yín tó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gún bí dókítà bá ṣe kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀. Bí ajá kan bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àrùn yìí bá ti fara hàn lára ènìyàn, kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọmọ ajá wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ẹranko àti irè oko wò lẹ́nu ibodè, ló ń fún ni níwèé àṣẹ. Ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé ibodè.

Ó wá ku ìwà. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù. Ohun tó bá rí lásìkò yẹn tí kò pa á lára, kò ní bà á lẹ́rù mọ́. Àjẹsára rẹ̀ kò tíì pé, nítorí náà ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ tàbí lé ọwọ́, kí ẹ gbé e jáde kó rí ọ̀kadà, ewúrẹ́, àwọn ọmọ iléèwé, darandaran pẹ̀lú ọ̀pá, kó gbọ́ ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ máa fọwọ́ kan etí, ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ máa bu oúnjẹ kún abọ́ rẹ̀ bó bá ṣe ń jẹun lọ́wọ́, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kì í gba nǹkan lẹ́nu òun. Bó bá fò mọ́ yín, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ tó kí i. Nígbà tó wọn kílò mẹ́jọ, ẹ̀rín la ó fi rín in tó bá fò mọ́ màmá àgbà. Nígbà tó bá di kílò 60, màmá á ṣubú, ìbàdí rẹ̀ á sì yẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Àwọn kan ń so ọmọ ajá mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ di àṣáálẹ́, wọ́n ń fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kó lè rorò. Ajá tí kò mọ ènìyàn kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ aládùúgbò, ajá kílò 60 tó bá sì gé ọmọ jẹ kì í fi ojú egbò kékeré sílẹ̀. Ìró ohùn rẹ̀ àti bó ṣe rí ti tó olè lẹ́rù.

Kí ẹ tó rà á, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ìyá rẹ̀, kí ẹ wo bó ṣe ń rìn, kí ẹ sì gba káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ má gba èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kí ẹ sì ṣírò owó oúnjẹ àti owó dókítà fún ọdún mẹ́jọ, kì í ṣe fún oṣù kan. Bí owó náà bá ju agbára yín lọ, ẹ wá ajá ìbílẹ̀ kan tó jí pépé, kí ẹ gún un ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ó mọ ilé ṣọ́ dáadáa.